Ẹni Tó Jókòó sí Àga Mùrí

Bí Kafilat bá ti gbé ọ̀rọ̀ kan sọ́kàn, kí ẹni tó bá fẹ́ bá a jiyàn yáa wá ibi jókòó sí, torí pé kò ní í tètè tán. Bó ṣe rí nìyẹn láti kékeré. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, kò fi bẹ́ẹ̀ sunkún, ṣe ló kàn ń wo gbogbo ilé bí ẹni tó fẹ́ bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ tó wọ ọ́fíìsì wọn ní Odò-Orí, ní Ìwó, tó pọn Zakiyyah ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, tó sì sọ pé àsìkò tó kí wọ́n pa Àgbà tì, kí wọ́n kó gbogbo iṣẹ́ wọn lọ sórí Gíìtì, ètò tuntun kan tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú àtúnṣe iṣẹ́ wọn, àwọn tó mọ̀ ọ́n ti mọ̀ pé wàhálà ti dé.

Àwọn mẹ́rin ló wà ní ọ́fíìsì náà, kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, ni wọ́n ń kọ. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn ni ètò kan tí wọ́n pè ní Ọmọ Á Yè, tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn ìyá ọmọ láti rán wọn létí ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ń lò ó ní Ìwó, ní Olúpọ̀nnà àti ní Ilé-Ogbó. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í tán. Lónìí, ẹnì kan á tún ìlà kan ṣe. Lọ́la, ẹlòmíràn á pa á rẹ́, á kọ òmíràn. Bí nǹkan bá wá bàjẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó fọwọ́ kàn án kẹ́yìn, ohun tó ṣe sí i, àti bí ẹ ṣe máa dá a padà sí bó ṣe wà. Iṣẹ́ tí Àgbà ń ṣe nìyẹn. Àgbà ni wọ́n ń pe kọ̀ǹpútà dúdú kan tó wà lábẹ́ tábìlì Ọ̀gá, tó ń tọ́jú gbogbo àtúnṣe láti ìgbà tí wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀: orúkọ ẹni tó ṣe é, àkókò tó ṣe é, àti gbólóhùn kan tí onítọ̀hún kọ láti fi sọ ohun tó ṣe.

Àgbà mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ le. Kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn àfi ẹni tó bá jókòó sínú ọ́fíìsì. Bó o bá fẹ́ tún fáìlì kan ṣe, wàá kọ́kọ́ tì í, bó o bá sì ti tì í, kò sí ẹlòmíràn tó lè fọwọ́ kàn án títí wàá fi padà wá ṣí i. Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí Badrudeen, ọ̀kan nínú wọn, ti fáìlì tó ń ṣírò ọjọ́ abẹ́rẹ́, tó wá gba Olúpọ̀nnà lọ síbi ìsọmọlórúkọ, tó sì pa fóònù rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni nọ́ọ̀sì kan pè láti Ilé-Ogbó pé àtẹ̀jíṣẹ́ ń pe àwọn ìyá wá lọ́jọ́ tí kò sí abẹ́rẹ́. Kafilat rí àṣìṣe náà kedere. Ìlà kan ṣoṣo ni. Kò lè tún un ṣe. Ọ̀gá nìkan ló láṣẹ láti fipá ṣí fáìlì tí wọ́n bá tì, Ọ̀gá sì ti lọ sí ìpàdé ìjọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá ṣe pọn ọmọ wá, tí wọ́n tún pọn ọmọ padà sílé nínú oòrùn, tí Kafilat sì jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tó ń wo ìlà náà. Inú bí i débi pé kò lè jẹun.

Ọ̀rọ̀ ti ara rẹ̀ náà tún wà níbẹ̀, kò sì fi pamọ́. Ilé-Ogbó ni Sirajudeen ọkọ rẹ̀ ti ń ṣe tíṣà, ibẹ̀ ni wọ́n kó lọ lẹ́yìn tó bímọ tán. Kó máa gbé ọmọ ọwọ́ wọ ọkọ̀ wá sí Ìwó láràárọ̀, kó máa gbé e padà nírọ̀lẹ́, ó ti ń su ú. Gíìtì kò ní í béèrè pé kó wá jókòó sí Odò-Orí. Odidi iṣẹ́ náà, àti gbogbo ìtàn rẹ̀, ló máa wà lórí kọ̀ǹpútà oníkálukú. Ibi tí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, èèyàn á ṣì máa bá iṣẹ́ lọ. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé, á fi tirẹ̀ ránṣẹ́, á sì gba ti àwọn yòókù. Bí wọ́n bá gbà, Kafilat á máa ti ilé rẹ̀ ṣiṣẹ́. Bí wọn ò bá gbà, iṣẹ́ tó fẹ́ràn jù láyé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ìkẹta.

Badrudeen ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìyá Zakiyyah, kí ni Àgbà ṣe fún ẹ? Mo ti mọ gbogbo ìwà ẹ̀. Ó ti mọ tèmi náà. Ṣé kí n tún wá lọ máa kọ́ ìrìn bí ọmọ ọwọ́ ni?"

"Bọ̀ọ̀dá Badru, ìsọmọlórúkọ Olúpọ̀nnà ńkọ́?"

"Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì tán lẹ́nu ẹ ni?"

"Kò tíì tán, sà."

Lydia, tó kéré jù nínú wọn, ní ohun tó ń bà á lẹ́rù. "Àǹtí Kafilat, bí àwa méjèèjì bá wá kọ nǹkan tó yàtọ̀ síra sórí ìlà kan náà ńkọ́? Àgbà kì í jẹ́ kírú ẹ̀ ṣẹlẹ̀."

"Gíìtì á dúró. Á gbé méjèèjì kalẹ̀ níwájú wa, á ní ká mú èyí tó tọ́. Àá wá pe ara wa, àá jọ sọ ọ́."

"Èmi àti ìwọ ni ká jọ sọ ọ́?" Badrudeen fọwọ́ lérí. "Ẹ wá pe ọlọ́pàá sílẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Matthew Olúdáre ni orúkọ rẹ̀, díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi, ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò pọ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Ìtàn tó wà nínú Àgbà ńkọ́?" ló bi í.

"Ìyẹn ò le," Badrudeen ní. "Bó bá di dandan ká lọ, ká mú kóòdù tòní nìkan, ká fi ti àtẹ̀yìnwá sílẹ̀. Ta ló tún ń kà á?"

Ohùn Ọ̀gá yí padà lójijì. "Gbogbo ẹ̀ ni, tàbí kó má sí ìkankan. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ṣe é, àti gbólóhùn tó kọ sí i. Bí ẹyọ kan bá sọnù, Àgbà ò kúrò níbẹ̀." Ó wo Kafilat. "Ó di ọdún Iléyá. Bí o ò bá tíì lè ṣe é nígbà yẹn, màá wá ẹni tó máa gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹ. Mi ò bínú sí ẹ o, ṣùgbọ́n bó ṣe máa rí nìyẹn."

"Mo ti gbọ́, sà," Kafilat wí. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó hàn lójú rẹ̀.

Gbogbo wọn ló mọ ohun tó wà nínú Àgbà tí Ọ̀gá ò fẹ́ kó sọnù. Mùrí ni. Òun àti Ọ̀gá ló jọ dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, ọmọ agboolé àwọn ààfáà kan ní ìsàlẹ̀ ìlú ni Mùrí, òun àti díákónì máa ń fira wọn ṣe yẹ̀yẹ́ láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ṣíwọ́. Mùrí ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú Ọmọ Á Yè. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ibà gbé e dè, kí ẹnikẹ́ni sì tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le, ó ti kú. Àga rẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì, orúkọ rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà náà ṣì ń lò láti bá Àgbà sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má yí i padà. Kò kàn sẹ́ni tó lọ́kàn láti yí i ni.

Wọn ò sì pa àga náà tì. Kọ̀ǹpútà ibẹ̀ àti Àgbà nìkan ni ínfátà wọn lè gbé. Bí iná bá lọ, tó sì dájú pé iná á lọ, ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ò bá lè dúró á dìde, á lọ jókòó sí àga Mùrí, á parí rẹ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn láti àwọn ọdún yìí wá, ó sì ti mọ́ wọn lára débi pé kò sẹ́ni tó tún ronú nípa ẹ̀.

Kafilat bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kíkó ìtàn láti inú Àgbà bọ́ sínú Gíìtì kì í ṣe eré. Gíìtì fẹ́ mọ ẹni tí orúkọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ gan-an, bó bá sì pàdé orúkọ tí wọn ò tíì sọ fún un, á dúró síbẹ̀ gbọnin, kò ní í lọ mọ́. Ó dúró nítorí ọmọ iṣẹ́ kan tó ti fi wọ́n sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Kafilat wá orúkọ onítọ̀hún rí, ó tún bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Ínfátà kú láàárín iṣẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Zakiyyah nawọ́ láti ẹ̀yìn, ó fa wáyà yọ. Badrudeen rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, Kafilat fi ọmọ sí àyè mìíràn, ó tún bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Nígbà tó yá, iṣẹ́ náà yọrí. Gbogbo ìtàn náà bọ́ sínú Gíìtì láìku ẹyọ kan.

Ẹlòmíràn ì bá ti pariwo. Kafilat ní kí òun kọ́kọ́ kà á, kí òun rí i pé ohun tó wà nínú Àgbà náà ló wà níbí. Ó ń kà á lọ, ó rí orúkọ Mùrí, ó rí gbólóhùn kan tó ń dún bí ẹni tí inú ń bí: "Ẹ má fọwọ́ kan èyí o, mò ń bọ̀." Ó wo ọjọ́ tó wà níbẹ̀. Ó tún un wò. Lọ́jọ́ náà, Mùrí ti wà nínú sàréè.

Ó ń wo ìsàlẹ̀ lọ, Mùrí sì ń ṣiṣẹ́ lọ: oṣù tó wọlé tẹ̀ lé e, ọdún tó tẹ̀ lé e, títí dé ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìgbà tó yíjú, tó rí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ni ọ̀rọ̀ náà tó yé e. Gbogbo ohun tí àwọn tó wà láàyè ń ṣe nígbà tí iná bá lọ, orúkọ òkú ni Àgbà ń kọ ọ́ sí. Òun alára wà lára wọn.

Ó pe Badrudeen àti Lydia, ó ní kí wọ́n wá mú tiwọn. Ọ̀gá ò sí ní ọ́fíìsì. Ó ti lọ bá wọn wá ẹni tó máa tún ínfátà ṣe. Wọ́n kó àga jọ sójú kan, Kafilat ń kà á sókè, oníkálukú ń dáhùn.

"'Ẹ má fọwọ́ kan èyí o, mò ń bọ̀.'"

"Tèmi ni," Badrudeen wí.

"'Mo ti tún un ṣe. Mo tọrọ àforíjì.'"

"Tèmi ni," Lydia wí, ó bojú.

"'Ta ló kọ ìranù yìí?'" Kafilat tún un kà. "Èmi ni."

"Ta lò ń bá wí níbẹ̀?" Badrudeen béèrè.

"Ẹ̀yin ni, sà."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ nìyẹn, tí wọ́n ń fira wọn ṣẹ̀sín, títí ó fi ku ìsọ̀rí kan tí kò sẹ́ni tó dáhùn sí i. Àwọn yẹn ò jọ ti àwọn yòókù. Wọ́n tutù, wọ́n mọ́, Bisimilláhi ló sì bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn. Bí Mùrí ṣe máa ń kọ tirẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ nìyẹn, kò sẹ́lòmíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kafilat wo Badrudeen. Lydia náà wò ó.

"Ẹ̀yin náà ẹ ti wá ń wò mí," ó ní. "Ọjọ́ wo ni wọ́n kọ ọ́?"

Kafilat yẹ̀ wọ́n wò. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Èyí tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ Jímọ̀ ni. Gbogbo wọn pátá, ọjọ́ Jímọ̀, lásìkò tí àwọn Mùsùlùmí Ìwó bá ti gba mọ́ṣáláṣí lọ.

"Ọjọ́ Jímọ̀?" Badrudeen wí. "Níbo ni mo máa ń wà? Ṣebí ìwọ gan-an mọ ibi tí mo máa ń tẹ́ ẹní mi sí."

Lydia kọ́, torí pé èyí tó pẹ́ jù nínú wọn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ yíjú sí tábìlì tí Àgbà wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló máa ń ṣẹ́ kù sí ọ́fíìsì bí wọ́n bá ti lọ kírun Jímọ̀, tí Lydia sì jáde lọ jẹun, onítẹ̀bọmi sì ni.

Badrudeen rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá Zakiyyah, fi wọ́n sílẹ̀ lórúkọ Mùrí. Gbogbo ẹ̀ ti pé. Iléyá kù fẹ́ẹ́fẹ́. Gbé e fún Ọ̀gá, kó o máa lọ sí Ilé-Ogbó ẹ. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi á mọ̀," Kafilat wí. "Bí ìlà kan níbẹ̀ bá bàjẹ́ lọ́la, tí ọmọ ọlọ́mọ ò gba abẹ́rẹ́, ta lẹ fẹ́ ká pè? Ṣé Bọ̀ọ̀dá Mùrí? Ọ̀gá ní kí n fi orúkọ ẹni tó ṣe é sí i. Orúkọ ẹni tó ṣe é ni màá fi sí i."

"Bó bá bínú ńkọ́?"

"Kó bínú."

Ẹnu ló fi sọ bẹ́ẹ̀ o. Nínú ọkọ̀ tó gbé e padà sí Ilé-Ogbó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀rù bà á gan-an. Ó ń rò ó pé Ọ̀gá lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo pa gbogbo ọ̀rọ̀ Gíìtì rẹ́, kó sì ní kó má padà wá mọ́. Ó rò ó títí, kò rí ọ̀nà mìíràn tí kò ní irọ́ nínú.

Nígbà tí ọjọ́ Jímọ̀ dé, Badrudeen lọ sí mọ́ṣáláṣí, Lydia jáde lọ wá nǹkan tó máa jẹ. Kafilat jókòó ní tirẹ̀, ó gbé Zakiyyah tó ń sùn sí itan. Ọ̀gá dìde, ó dé ẹ̀bá fèrèsé, ó rí Kafilat, ó yí padà. Ó tún jókòó. Ó tún dìde.

"Ṣé o ò lọ kírun ni?"

"Ilé ni mo máa ń lọ kí tèmi lọ́jọ́ Jímọ̀ láti ìgbà tí mo ti bímọ, sà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo dúró dè lónìí." Ó rọra gbé ọmọ sórí ẹní, ó wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Mùrí. "Ẹ wá jókòó, sà. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

Ọ̀gá ò sọ pé òun kọ́. Ó jókòó sí àga náà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì.

"Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tí Mùrí bá fẹ́ lọ kírun, iṣẹ́ á ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Á ní, 'Ọ̀gá, ẹ bá mi jókòó tì í, mò ń bọ̀.' Á ní kí n má gbàgbé Bisimilláhi o, pé bí mi ò bá kọ ọ́, kóòdù náà ò ní í ṣiṣẹ́. Màá ní, èmi díákónì? Á ní Ọlọ́run tó ni í ò ní í bínú." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà ò pẹ́. "Mo ń kọ ọ́ kó lè rẹ́rìn-ín bó bá dé ni. Jímọ̀ tó lọ gbẹ̀yìn, ibà gbé e dè ní mọ́ṣáláṣí, ilé ni wọ́n gbé e lọ. Kò padà wá. Kò sì sọ fún mi pé kí n dìde."

Omi ti kún ojú Kafilat.

"Fi í sílẹ̀ lórúkọ ẹ̀," Ọ̀gá wí. "Kí ló ń bàjẹ́ níbẹ̀?"

"Mi ò lè fi í sílẹ̀, sà."

"Kafilat. Ṣé o mọ̀ pé iṣẹ́ ẹ ló wà lórí ọ̀rọ̀ yìí?"

"Mo mọ̀, sà." Ó nu ojú, kò dìde lórí eékún. "Èyí tí Bọ̀ọ̀dá Mùrí fọwọ́ ara wọn ṣe, kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ wọn. Ìyá ọmọ tí àtẹ̀jíṣẹ́ náà bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Mùrí ní láádá níbẹ̀ títí láé. Ṣùgbọ́n a ti da tiwa lé tiwọn lórí, sà. Ti Bọ̀ọ̀dá Badru, ti Lydia, ìranù tèmi, gbogbo ẹ̀ ló wà lórúkọ wọn. Kò sẹ́ni tó lè dá tiwọn mọ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi tiwọn nìkan hàn yín."

Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ síwájú Ọ̀gá. Ó ti kó gbogbo ti àwọn alààyè kúrò, ó dá ti Mùrí sọ́tọ̀, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí dé òpin. Ọ̀gá ń kà á. Ó ń mi orí sí àwọn kan, ó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn kan. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ó dúró.

Mùrí ló kọ ọ́, láàárọ̀ Jímọ̀ tó lọ gbẹ̀yìn. Iṣẹ́ púpọ̀ ni wọ́n ti ṣe lé e lórí lórúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà àti lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé ìyẹn ni ìgbẹ̀yìn. Ohun tó kọ kò ju ìlà kan lọ: "Bisimilláhi. Ó ku díẹ̀ kó tán. Ọ̀gá á bá mi parí ẹ̀."

Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò nù ún.

"Ẹ ti bá wọn parí ẹ̀, sà," Kafilat wí. "Ó ti pẹ́. Èyí tẹ́ ẹ kọ ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, òun ló parí ẹ̀. Mo ti dán an wò. Ó ń ṣiṣẹ́ títí dòní."

Ọkùnrin náà sunkún. Kò bo ojú, kò sì kúrò lórí àga. Kafilat ò lọ, kò sì sọ pé kó má sunkún. Ìgbà tí Zakiyyah jí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ni ó tó dìde lọ gbé e.

"Orúkọ mi á wá wà níbẹ̀," Ọ̀gá wí nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ ṣì wúwo. "Matthew Olúdáre, Bisimilláhi. Bí àwọn ará ìjọ bá rí i ńkọ́? Ṣé o ò lè bá mi yọ Bisimilláhi yẹn kúrò?"

"Ẹ ní gbogbo ẹ̀ ni, tàbí kó má sí ìkankan, sà. Pẹ̀lú gbólóhùn tó kọ sí i."

Ọ̀gá wò ó títí. Ẹ̀rín wá bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín gidi, irú èyí tí Kafilat kò gbọ́ láti ìgbà tí Mùrí ti kú. Inú ẹ̀rín náà ni Badrudeen bá wọn, pẹ̀lú ẹní ìkírun rẹ̀ ní abíyá. Ó wo ojú Ọ̀gá tó pọ́n, ó wo Kafilat, ó sì gbọ́n tó láti má béèrè ohunkóhun.

Wọ́n pa Àgbà kí Iléyá tó dé. Badrudeen, ẹni tó ní òun ò kọ́ ìrìn mọ́, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri. Ó ní kí Àgbà lọ sinmi, ó ti ṣiṣẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, òun àti Kafilat ti kọ ohun tó yàtọ̀ síra sórí ìlà kan náà. Wọ́n pe ara wọn lórí fóònù, wọ́n jà, Kafilat borí. Lydia ní ìjà náà dùn ún gbọ́.

Jímọ̀ tó tẹ̀ lé ọdún, Kafilat wà nílé ní Ilé-Ogbó. Iná ti lọ láti àárọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ò sí. Ó jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà lé orí àpótí, Zakiyyah lé èjìká, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ń gbọ́ ìró ìpè mọ́ṣáláṣí lọ́ọ̀ọ́kán. Nígbà tí àwọn èèyàn ti ń bọ̀ láti ibi ìrun, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé. Ó fi tirẹ̀ ránṣẹ́, ó sì gba ti àwọn yòókù.

Ẹyọ kan ṣoṣo ló wọlé. Ọ̀gá ló ṣe é, lórí kọ̀ǹpútà ti ara rẹ̀, ní orúkọ ti ara rẹ̀, lásìkò tí wọ́n ń kírun lọ́wọ́. Iṣẹ́ náà ò tíì parí. Ìdajì rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Kafilat ka ohun tó kọ sí i.

"Bisimilláhi. Mo ti dìde lórí àga Mùrí. Mò ń lọ kí ìyá ẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ìlú, mi ò débẹ̀ láti ọjọ́ tá a ti sin ín. Ó ku díẹ̀ kí èyí tán. Kafilat, bá mi jókòó tì í, mò ń bọ̀."

Kafilat gbé Zakiyyah lọ sí èjìká kejì, ó ṣí fáìlì náà, ó jókòó tì í.